Àwòrán mi ń tóbi sí i, lẹ́tà rẹ̀ sì ń yí padà lọ́dọ̀ oníbàárà

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ gbà mí. Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yàwòrán, ni mo fi ya àmì róbótó kan, mílímítà 60 ni ìbú rẹ̀, orúkọ sì wà nínú rẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́ ní SVG, irú fáìlì àwòrán kan. Oníbàárà ṣí i nínú Illustrator, ètò ìyàwòrán mìíràn, ó ní mílímítà 80 lòun bá. Lẹ́tà tí mo fara balẹ̀ yàn ti di òmíràn, orúkọ náà sì ti yọ sí ìta. Mo tún fi í ránṣẹ́, ibì kan náà la wà. Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn 1:
80 yẹn gan-an ló tú àṣírí. Píksẹ́lì (ẹyọ àmì kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń to àwòrán) 96 ni Inkscape ń kà sí íǹṣì kan, 72 ni Illustrator ń kà. Ẹ fi 72 pín 96, kí ẹ fi lu 60: 80 géérégé! Ẹ lọ sí Document Properties, kí ẹ sọ òṣùwọ̀n ojú ìwé di mm (mílímítà). (Bó bá jẹ́ fáìlì àtijọ́ ni, Inkscape tó ṣáájú 0.92 ń lo 90, ìṣirò yìí ò ní bá a mu.)

Ìdáhùn 2:
Ti lẹ́tà ńkọ́? Orúkọ fọ́ǹtì (irú lẹ́tà tí ẹ yàn) nìkan ni SVG yín gbé lọ. Bí kọ̀ǹpútà ẹni yẹn ò bá ní in, òmíràn ló máa fi dí i. Ẹ yan ọ̀rọ̀ náà, Path, Object to Path; á sọ lẹ́tà di àwòrán lásán, tí a ò lè tẹ̀ ṣàtúnṣe mọ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe é sí o! Mo ti ṣe é sórí ojúlówó rí, wọ́n wá ní lẹ́tà kan ṣì. Odindi orúkọ ni mo tún tẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun. Oníbàárà ti dín in kù sí 75% fúnra rẹ̀, àmọ́ ìlà etí rẹ̀ wá ki ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdáhùn 1:
Kò yan Scale Strokes & Effects nínú Illustrator ni. Àwòrán súnkì, ìlà ò súnkì.

Ìdáhùn 3:
Èmi ò tiẹ̀ bá SVG jà mọ́, PDF ni mò ń fi ránṣẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀. Àmọ́ òjìji tí ẹ bá fi Blur (èyí tó ń sọ etí di bàìbàì) ṣe máa di píksẹ́lì nínú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa.

Olùbéèrè:
Mo ti sọ ọ́ di mm, mo sọ lẹ́tà di path. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì: 60 ló bá, orúkọ sì jókòó sáàyè rẹ̀.