Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó pósítà ìwúrí ibi iṣẹ́ àtijọ́, kí n sì tọ́jú rẹ̀?

Àjíkẹ́_Tánkẹ̀:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ìlọrin ni mo ń gbé, mo sì ń kó àwọn pósítà àti káàdì tí ilé iṣẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri láyé àtijọ́ jọ, irú èyí tí ó ń gba òṣìṣẹ́ níyànjú pé kí ó tètè dé, kí ó sì ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Bàbá mi, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìṣáná níhìn-ín, fi káàdì díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ní báyìí, oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ ta pósítà Mather, irú pósítà ìwúrí kan láti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1929 fún mi, owó tí ó pè kò sì kéré. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó? Báwo ni ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe lè la òjò àti ọyẹ́ wa já?

Ọmọ_Ọ̀fà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ Mather ní Chicago ni ó ṣe àwọn pósítà náà láàárín ọdún 1923 sí 1929. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń san àsansílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè máa pààrọ̀ èyí tí ó wà lára ògiri lemọ́lemọ́. Willard Frederic Elmes, Hal Depuy àti Frank Beatty wà lára àwọn tí ó ya àwòrán wọn. Ojúlówó rẹ̀ tóbi, gígùn rẹ̀ sábà máa ń ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹ béèrè ìwọ̀n kí ẹ tó béèrè ẹ̀dínwó. Ẹ ní kí oníṣòwò náà fi dígí tí ó ń sọ nǹkan di ńlá ya fọ́tò ibi tí àwọ̀ ti pọ̀. Ọ̀nà lítógíráfì, ìyẹn títẹ àwòrán láti orí òkúta tàbí irin pẹlẹbẹ, ni wọ́n fi tẹ ojúlówó, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dà bí iyanrìn tí a wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì wínníwínní tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ fura, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀dà òde òní.

Ìyá_Ìwé_Òmù-Àrán:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe láminéètì rẹ̀ láéláé, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù kàn án, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n ìwé, kì í sì í ṣí mọ́. Bí ẹ bá fi í sí férémù, ẹ fi páálí sáàárín ìwé àti dígí kí wọ́n má kan ara wọn, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn kò dé, kì í ṣe sára ògiri tí òjò máa ń rin. Nígbà ọyẹ́, ìwé tí a ká jọ tí ó ti gbẹ máa ń ya bí a bá fi ipá tú u; ẹ jẹ́ kí ó tú fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò sí lára ògiri, inú àpótí irin tí kò kan ilẹ̀ ni kí ó wà, nítorí ikán.

Ní tèmi o, àwọn káàdì bàbá yín ṣe iyebíye ju ti Mather lọ. Àwọn tí ó ń tọ́jú pósítà Amẹ́ríkà pọ̀. Ta ni ó ń tọ́jú ti ilé iṣẹ́ Ìlọrin?

Àjíkẹ́_Tánkẹ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Ojú ìṣó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan sì fi pẹ́ńsù kọ orúkọ oṣù sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n pa á rẹ́?

Ìyá_Ìwé_Òmù-Àrán:
Rárá o! Ìyẹn ni ẹ̀rí pé wọ́n lò ó lóòótọ́. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tí ó bá bàbá ṣiṣẹ́ tí ó ṣì wà láyé, kí ó sọ ẹ̀ka tí wọ́n kàn án sí fún yín.