Ṣé kí n máa fi ààwẹ̀ san gbèsè oúnjẹ tí mo jẹ? Ẹ bá mi dá sí i

TíṣàAdó:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí ó ti ń dà mí láàmú tipẹ́. Adó ni mò ń gbé, tíṣà ni mí, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí mo bá lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé tí mo jẹ iyán dáadáa, kí n tó délé ọkàn mi á ti máa dá mi lẹ́bi, mo wá máa gbààwẹ̀ láti Mọ́ńdè títí di Wẹ́sìdeè, kì í ṣe pé mo ní nǹkan tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run o, mo kàn fẹ́ kó rí bíi pé mi ò jẹ ẹ́ ni. Ní kíláàsì, òòyì á máa kọ́ mi, mi ò ní lè fara da ariwo àwọn ọmọ. Tó bá wá dalẹ́, tí ọkọ mi àtàwọn ọmọ ti sùn, màá wọ kíṣìnnì láì tan iná, orí ìdúró ni mo máa ń wà nídìí ìkòkò, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti dì, màá fọwọ́ bu ìrẹsì tútù mọ́ ọn, màá jẹ ẹ́ títí inú á fi máa ro mí, mi ò sì ní mọ adùn ẹ̀ rárá. Tílẹ̀ bá mọ́, ààwẹ̀ tún ni.

Mo ti gbàdúrà títí pé kí Olúwa gba ẹ̀mí ọ̀jẹun kúrò lára mi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ọlọ́run tí ẹ sì ń jẹun tọ́kàn yín balẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Kí lẹ máa ń ṣe lójoojúmọ́?

Màmá Oníyán Ìkẹ́rẹ́:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Olúwa á tù ọ́ nínú. Mo ti ń gúnyán tà ní Ìkẹ́rẹ́ láti ìgbà tí àkọ́bí mi wà ní praimárì, òun náà ti dọlọ́mọ báyìí, mo mojú ebi dáadáa. Ẹni tó ti mu ògì tó sì jẹ àkàrà láàárọ̀, tó bá dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sàn-án, á fọwọ́ ẹ̀ kó mọ́, á ní kí n fi ẹ̀fọ́ kún un, á máa bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, òkèlè kékeré lá máa bù, ìgbà míì á ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ẹni tí ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná ńkọ́? Kí n tó gbọ́bẹ̀ dé iwájú ẹ̀ á ti bu iyán lásán sẹ́nu, á ní kí n fi kún un, á tún ní kí n fi kún un, tó bá fẹ́ dìde báyìí á di tábìlì mú. Iyán kan náà ni o, inú odó kan náà ni mo ti gún un, ebi ló yàtọ̀. Nítorí náà yéé pe ebi ní ẹ̀mí èṣù.

Iyán ò ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Tímótì Kìíní orí 4 ẹsẹ 4 sọ pé gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá ló dára, kò sí èyí tó yẹ ká kọ̀ tá a bá fọpẹ́ gbà á. Nígbà tí gbogbo nǹkan sú Èlíjà tó lọ jókòó sábẹ́ igi tó ní kí Ọlọ́run kúkú gbẹ̀mí òun, áńgẹ́lì ò bá a wí, ó ní dìde, jẹun, ẹ̀ẹ̀mejì ló jí i nítorí oúnjẹ. Lọ ka Ọba Kìíní orí 19, kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní tèmi, mi ò kì í jáde láì jẹun àárọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kan. Tí mo bá fẹ́ jẹun màá jókòó, màá bu oúnjẹ sínú abọ́, màá gbàdúrà, àdúrà yẹn kì í gùn ṣùgbọ́n mo máa ń dárúkọ àgbẹ̀ tó wa iṣu náà àtẹni tó bá mi fọn iná. Ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ kì í yá láti máa gbé oúnjẹ mì bí olè. Kò sí fóònù nídìí abọ́ mi.

Nọ́ọ̀sìÈkìtì:
Ẹ ṣeun Màmá. Àǹtí mi, nǹkan tí Màmá rí nídìí odó làwa náà ń rí lọ́sípítù. Tí èèyàn bá febi pa ara ẹ̀ fọ́jọ́ bíi mélòó kan, ọpọlọ á máa pariwo oúnjẹ, pàápàá èyí tó dùn tàbí tó lóròóró, bí Ọlọ́run ṣe dá ara nìyẹn kéèyàn má bàa kú síbi tí kò sóúnjẹ. Yàtọ̀ síyẹn, ó máa ń tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ọpọlọ tó gbọ́ pé inú ti yó, ẹni tó bá ń sáré jẹ lórí ìdúró á ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró kó tó mọ̀. Àìsùn dáadáa náà máa ń dá kún ebi. Ẹ jẹ ẹyin tàbí ẹ̀wà láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì àti tíì onísúgà lọ.

Mo fẹ́ sọ èyí jẹ́jẹ́: tí jíjẹ àjẹjù ní ìkọ̀kọ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí èèyàn ò lè dá ara ẹ̀ dúró, tójú sì ń tì í, àìsàn tó ní ìtọ́jú lè nìyẹn. Láti 2013 làwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àìsàn tó dá dúró ni. Ẹ lè lọ sí ọsípítù EKSUTH níbí ní Adó tàbí ọsípítù FETHI ní Ìdó, ẹ ṣàlàyé fún dókítà bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé fún wa yìí gẹ́lẹ́. Lílọ síbẹ̀ ò sọ pé ìgbàgbọ́ yín kéré o. Ẹni tó bá lóyún, tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ìtọ̀ súgà, kó má gbààwẹ̀ láì bá dókítà sọ̀rọ̀.

ỌmọẸ̀fọ̀n:
Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ààwẹ̀ di nǹkan burúkú o. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí mi, níbi tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, ààwẹ̀ àtàdúrà la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Òwe 23 ẹsẹ 2 náà wà níbẹ̀, tó ní kí wọ̀bìà fi ọ̀bẹ lé ara ẹ̀ lọ́fun. Kí la wá fẹ́ ṣe ìyẹn?

DíkínìÌkọ̀lé:
Àbúrò, òótọ́ lo sọ, ààwẹ̀ dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n gbọ́ nǹkan tí tíṣà yìí sọ, ó ní òun ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun kàn fẹ́ pa oúnjẹ Sátidé rẹ́ ni. Ìyẹn kì í ṣe ààwẹ̀, ìjìyà ni, Jésù sì ti jẹ ìyà tán. Nínú Aísáyà 58 Ọlọ́run fúnra ẹ̀ sọ ààwẹ̀ tóun fẹ́, ó ní ká pín oúnjẹ wa fẹ́ni tébi ń pa. Ẹsẹ Òwe tó o mú wá yẹn, ẹni tó jókòó síwájú oúnjẹ aládùn ìjòyè ló ń bá wí, ẹsẹ kẹta ní oúnjẹ ẹ̀tàn ni. Àti pé ṣé o rántí ohun tí wọ́n pe Jésù nínú Mátíù 11 ẹsẹ 19? Ọ̀jẹun àti ọ̀mutí ni wọ́n pè é, torí pé ó máa ń bá àwọn èèyàn jókòó jẹun. Kò tìtorí ẹ̀ dìde nídìí oúnjẹ.

Ìmọ̀ràn tèmi fún tíṣà ni pé kó fi ààwẹ̀ sílẹ̀ ná fún ìgbà díẹ̀, kó lọ sọ fún pásítọ̀ ẹ̀ pé ìdí báyìí ni. Tó bá fẹ́ fi nǹkan du ara ẹ̀ fún Olúwa, kó pa fóònù lálẹ́, kó tètè sùn.

TíṣàAdó:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín, mo ń sunkún bí mo ṣe ń kà á. Láti ọ̀la màá jẹun kí n tó lọ síléèwé. Ìbéèrè kan ló kù, àwọn màmá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń sọ pé "ah, o ti sanra o, rọra jẹun," iwájú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti ń sọ ọ́, mi ò sì lè dá wọn lóhùn torí àgbà ni wọ́n. Inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo máa ń gbà wọ kíṣìnnì lálẹ́.

Màmá Oníyán Ìkẹ́rẹ́:
Kúnlẹ̀ kí wọn, tí wọ́n bá sọ ọ́ kó o ní "ẹ ṣé Mà, ẹ bá mi gbàdúrà fún àlàáfíà." Tí èyí tó ń sọ ọ́ jù nínú wọn ò bá dákẹ́, lọ bá a nílé lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni níbẹ̀, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tá a jẹ́ àgbà, a ò mọ̀ pé ó ń dunni, a rò pé ìkíni ni.

Nọ́ọ̀sìÈkìtì:
Kí ẹ sì sọ fún ọkọ yín, Àǹtí, lónìí. Ẹ ní kó jókòó tì yín jẹun alẹ́, bó bá tiẹ̀ ti jẹun tẹ́lẹ̀ kó kàn mú omi dání. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó sì fẹ́ béèrè nípa ààwẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, màá dáhùn tí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.