Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí la lè fi rọ́pò Microsoft 365 níbi iṣẹ́?

Akọ̀wé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá wa ní owó Microsoft 365 tí à ń san ti ń wọ òun lára, kí n wá nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe ju lẹ́tà àti tábìlì kékeré lọ. Àmọ́ akáúńtáǹtì wa ní fáìlì Excel kan tó kún fún macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ sínú fáìlì kó lè máa dá iṣẹ́ ṣe, òun ló fi ń ṣírò owó oṣù gbogbo wa. Àwọn oníbàárà náà máa ń fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ ní Word, a ó tún un ṣe, a ó dá a padà. Ṣé LibreOffice tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà ni ká gbà ni, àbí Google Docs tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Alága Fáìlì: Fáìlì akáúńtáǹtì yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìyókù rọrùn. VBA ni èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ macro Excel. LibreOffice máa ń gbìyànjú láti lò ó. Apá kan á ṣiṣẹ́, apá kan á kọ̀ jálẹ̀. Google Sheets, ibi tí Google ti ń ṣe tábìlì, kò mọ VBA, èdè Apps Script ni tirẹ̀, ẹ ó tún un kọ ni. ONLYOFFICE náà, òmíràn tó jọ Office, èdè JavaScript ló ń lò.

Ìyá Ọ́fíìsì: Ẹ fi Excel sílẹ̀ fún akáúńtáǹtì jàre. Ta ló ní dandan ni kí gbogbo yín máa lo ohun kan náà? Ẹ san ti ẹni kan, kí àwọn tó kù bọ́ sórí LibreOffice. Ọ̀fẹ́ ni, títí kan níbi iṣẹ́.

Ọmọ Íntánẹ́ẹ̀tì: Ó ku ibì kan o. Bí ẹni méjì bá fẹ́ jọ kọ ìwé kan lẹ́ẹ̀kan náà, Google Docs ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹni tí kò bá ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì á kàn jókòó máa wòran ni.

Alága Fáìlì: Òótọ́ ni. Ti ìwé àdéhùn, .odt ni LibreOffice fi máa ń tọ́jú ìwé bí ẹ kò bá sọ fún un. Ẹ lọ sí Tools, Options, Load/Save, General, kẹ́ ẹ yí i sí ti Word, kí oníbàárà má baà máa bi yín pé irú fáìlì wo lẹ fi ránṣẹ́ yìí. Fọ́ńtì náà ńkọ́? Bí èyí tí oníbàárà lò kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà yín, òmíràn ló máa bọ́ síbẹ̀: ìlà á yẹ̀, ibi ìbuwọ́lùwé á sì dá wà lójú ewé tuntun. Fọ́ńtì Carlito fẹ̀ bákan náà pẹ̀lú fọ́ńtì Calibri ti Microsoft, ìyẹn kì í fa wàhálà. Ìwé tó bá ti parí, PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Akọ̀wé: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ní Office 2016 tá a rà pátápátá nígbà kan, ká padà sí i ńkọ́?

Ìyá Ọ́fíìsì: Rárá o! Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Á ṣì máa ṣí fáìlì, àmọ́ bí ọ̀nà tí olè lè gbà wọlé bá yọ, wọn ò ní dí i mọ́.

Akọ̀wé: Ó yé mi. Màá ní kí akáúńtáǹtì fi ẹ̀dà fáìlì yẹn ṣírò owó oṣù tó kọjá nínú LibreOffice.

Alága Fáìlì: Pé fáìlì ṣí kò tó o. Kí ó fi iye tó jáde wé ti tẹ́lẹ̀, lórúkọ lórúkọ, pàápàá níbi owó orí.