Bí ọmọdé bá fẹ̀sùn kan olórí akọrin, ṣé àwọn àgbà ìjọ lè parí ẹ̀ nínú ilé?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ká ní ọmọ ọdún 13 sọ fún tíṣà Sunday school pé olórí akọrin fipá bá òun lò lánàá. Èkó ni ìjọ wà. Àwọn àgbà fẹ́ dá ọkùnrin náà dúró lóṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Kí ló kan pásítọ̀ láti ṣe?

Nọ́ọ̀sì
Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Láàárín wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV, ọjọ́ 28 ni yóò sì fi lò ó. Oògùn tó ń dènà oyún, kó má kọjá ọjọ́ 5. Kó má tíì wẹ̀. Àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó aṣọ rẹ̀ sí, torí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Bó bá ti wẹ̀, ẹ ṣì gbé e lọ. Mirabel Centre, tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò, wà nínú LASUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà, ọ̀fẹ́ ni.

Amòfin
Kí tíṣà kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kó buwọ́ lù ú. Kí pásítọ̀ mú ìwé náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó sì gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ìgbìmọ̀ àgbà kọ́ ló ń wádìí o! Bí ẹni mẹ́rin bá bi ọmọ léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ sì ni lọ́yà olùjẹ́jọ́ máa dì mú. Ọkùnrin náà á sì ti pa gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù rẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, abala 31, sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni. Kò ṣeé fi “ó gbà fún mi” gbèjà ara ẹni.

Akọ̀wé ìjọ
Gbígbé e lọ síbòmíràn ló burú jù. Ẹ wo John Smyth ní Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń na àwọn ọmọkùnrin ní ẹgba títí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn. Àlùfáà kan kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ní 1982, ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọlọ́pàá. Ní 1984 ó kó lọ sí Zimbabwe, ó dá àgọ́ ọmọkùnrin sílẹ̀ níbẹ̀, ó tún ṣe é. Wọ́n sọ fún àwọn olórí ìjọ ní 2013. Ó kú ní 2018 láìjẹ́jọ́. Nígbà tí ìròyìn Makin, ìwádìí lórí bí ìjọ ṣe bójú tó ọ̀rọ̀ Smyth, jáde ní 2024, Justin Welby, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, fipò sílẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Bí àwọn òbí bá ní àwọn ti dárí jì í ńkọ́?

Amòfin
Ìdáríjì tiwọn ni, ṣùgbọ́n ìjọba ló ni ẹjọ́. Kí pásítọ̀ má jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ìwé àdéhùn kankan, kó má sì gbowó ìtánràn lọ́wọ́ ọkùnrin náà fún wọn.