Bátìrì tí mo so mọ́ ojú mítà snowmobile mi: ẹ wá sọ tiyín náà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí yìnyín ti ń já, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Apá òkè Minnesota ní Amẹ́ríkà ni mo wà, kò jìnnà sí ìlú Tower tí òtútù ti wálẹ̀ dé -51°C lóṣù kejì ọdún 1996, torí náà kẹ́ni kankan má sọ fún mi nípa hámátáànì.

Snowmobile mi, ọkọ̀ tá a ń gùn bí ọ̀kadà lórí yìnyín, ti pẹ́ díẹ̀, two-stroke ni, okùn la fi ń fà á, kò ní bátìrì rárá. Ẹni tó bá ti lo I-better-pass-my-neighbour rí, á tètè yé e: epo àti ọ́ìlì ló ń jó pọ̀, ẹ fa okùn, kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í mú iná wá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pa á báyìí, òkùnkùn birimù. Mi ò kà á sí wàhálà títí di Sátidé kan tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín adágún tó ti dì. GPS tí mo so mọ́ iná ẹ̀ kú tẹ̀ lé e, kóòdù tó yẹ kí n kà lójú mítà kí n lè mọ ohun tó ń ṣe é, kò sí mọ́. Mo fa okùn títí apá fi ń ro mí, tí mo bá ti fà á, ojú mítà á tàn fìrí, kí n tó fi ojú kàn án ó ti tún kú. Ẹni tá a jọ jáde ló so mí mọ́ ẹ̀yìn tiẹ̀ wọ́ mi délé, ẹ̀sín ńlá.

Ni mo bá lọ ra bátìrì AGM kékeré (bátìrì ásíìdì tí wọ́n dé pa, tí kì í dà síta), 12 volt, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú alarm ilé, mo so ó tààrà mọ́ wáyà tó ń bọ́ ojú mítà. Ó tàn! Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ síyàwó mi. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ nǹkan tó ń kùn wùùù lápá ibi tánkì, mi ò kà á sí, àṣé wáyà yẹn kan náà ló ń gbé iná lọ síbi kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì àti pọ́ǹpù epo, mo ti jí gbogbo ilé sílẹ̀ torí ẹnì kan ṣoṣo. Mi ò fi súwíìṣì sí i, mi ò fi fíúsì sí i, mo ti ilẹ̀kùn gáréèjì mo wọlé lọ sùn. Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdeè ó ti gbẹ pátá. Bátìrì tó kún kì í tètè dì, ó lè fara da nǹkan bíi -60°C, àmọ́ èyí tó ti gbẹ, omi ló kù nínú ẹ̀, -7°C ti tó o. Nígbà tí mo débẹ̀ ó ti wú bí àkàrà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti sán.

Ẹ̀kejì ni mo tó fi ọgbọ́n ṣe. Changeover ilé ni mo rántí: NEPA lókè, jẹnẹ nísàlẹ̀, méjèèjì ò gbọ́dọ̀ pàdé. Mo gé wáyà tó wọ ojú mítà nìkan, mo fi súwíìṣì olójú méjì sí i, fíúsì 2 amp sì wà nítòsí orí pósítíìfù bátìrì, kò jìnnà síbẹ̀ rárá o. Bátìrì ò gba ṣáájì lára snowmobile, inú ilé ni mo ti ń ṣáájì ẹ̀.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi náà ṣe changeover yẹn tẹ́lẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá yí i, ojú mítà á ṣẹ́jú, aago á padà sí 12:00, ó sú mi. Schottky diode méjì ni mo lò (nǹkan kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo), ọ̀kan lójú ọ̀nà iná ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lójú ọ̀nà bátìrì. Èyí tí volt ẹ̀ bá ga jù lòun á bọ́ ojú mítà, iná ò sì lè padà sẹ́yìn. Ẹ fi súwíìṣì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì ṣá, torí diode ò mọ̀ pé ẹ ti lọ sùn.

—

Winnipeg ní Kánádà lèmi wà. Mo ra lithium, LiFePO4, torí pé ó fúyẹ́, mo so ó mọ́ iná snowmobile kó máa gba ṣáájì bá a ṣe ń lọ. Kò gbà á! Mo fẹ́ẹ̀ bá ẹni tó tà á fún mi jà, àfìgbà tí mo ka ìwé ẹ̀, pé irú bátìrì yìí ò gbọ́dọ̀ gba ṣáájì tí ara ẹ̀ bá ti tutù ju 0°C lọ, á bà á jẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀ fi tilẹ̀kùn. Ó lè fún yín níná nínú òtútù, gbígbà ni kò lè gbà. Abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì ni mo ń gbé tèmi sí báyìí, bí ẹní pọn ọmọ síwájú.

Nǹkan míì tún ni pé tó bá ti tó -30°C, LCD, ìyẹn ojú mítà tó ń gbé nọ́ńbà jáde, fúnra ẹ̀ á máa rìn bí ìgbín, nọ́ńbà tuntun á dé kí ti tẹ́lẹ̀ tó kúrò. Bátìrì ò lè gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn o.

—

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé dandan ni? Èmi ò gé wáyà kankan. Mo kó bátìrì kékeré sínú báàgì pẹ̀lú wáyà tó ní fíúsì, tó bá kú lójú ọ̀nà màá kì í bọ ẹnu plọ́ọ̀gì tí àwọn mẹkáníìkì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, màá ka kóòdù mi, màá yọ ọ́. Máàpù mi, bébà ni. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó ki nǹkan bọ plọ́ọ̀gì o, gbogbo wọn kọ́ ló rí bákan náà.

—

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́. Tèmi sì ń ṣiṣẹ́ ṣá, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pa ẹ́ńjìnnì láàárín adágún yẹn kan náà, mo ń wo ojú mítà tó tàn rekete, máìlì 23, mo ń mu tíì mi. Àmọ́ láàárọ̀ yìí mo bá ọmọ mi ní gáréèjì tó ń tan súwíìṣì, tó ń pa á, tó ń tan án, ó ní òun ń wa báàlúù. Bátìrì ti wà nínú kíṣìnì báyìí, ó ń gba ṣáájì.