Ìrìn ni a ń dín, kì í ṣe ọ̀pá: lórí orúkọ tí ó yẹ "short throw shifter"

Ẹ̀yin àgbà mi àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí wọ́n ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mẹkáníìkì jọ, ni wọ́n bi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé orúkọ Yorùbá wo ni kí àwọn kọ síwájú ohun èlò kan tí wọ́n kọ "short throw shifter" sára páálí rẹ̀. Ọ̀pá gíà ni, tí a máa ń fi rọ́pò èyí tó bá ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì wá láti ilé iṣẹ́, kí ọwọ́ awakọ̀ má baà rìn jìnnà mọ́ bí ó bá ń ti gíà kìíní bọ́ sí ìkejì, tàbí tí ó ń ti ìkẹta bọ́ sí ìkẹrin. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, orúkọ mẹ́rin ti délẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló fara mọ́ "ọ̀pá gíà kúkúrú". Ẹnì kan dá "ajùgíà", ẹlòmíràn ní "amúgíàyára" ló yẹ, àbúrò wa obìnrin láti Ìjẹ̀bú-Igbó sì mú "gíà àbùjá" wá, èyí tí mo gbà pé ó dùn létí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò gba ẹyọ kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ajùgíà" kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Ẹni tó dá a rí "throw", ó sì ronú kan jíjù. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òkò tàbí bọ́ọ̀lù; bí nǹkan ṣe ń lọ jìnnà tó láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì ni wọ́n ń fi í wọ̀n. Ẹni tó bá gbọ́ "ajùgíà" ní gáréèjì yóò kàn máa wá ibi tí gíà náà balẹ̀ sí ni.

"Ọ̀pá gíà kúkúrú" ni ó yẹ kí a jókòó tì dáadáa, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, tí ó sì ń ṣini lọ́nà jù. Èmi náà ìbá ti fọwọ́ sí i bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi rí nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé BMW àtijọ́ kan, tòkunbọ̀ paraku, lọ sí ọgbà mẹkáníìkì kan ní ọ̀nà Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ ọ̀pá gíà rẹ̀. Mo bá a lọ nítorí pé èmi ni mo ní àsìkò. Orí ọ̀pá gíà ọkọ̀ yẹn kò ní nọ́ọ̀tì. Fífà ni wọ́n ń fà á yọ sókè, agídí rẹ̀ sì pọ̀ débi pé nígbà tí ó já lójijì, ìkúùkù ọ̀gá mẹkáníìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ní àgbọ̀n. Ó ká awọ tó bo ìdí ọ̀pá kúrò, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó yọ kílíìpù tó so ìdí ọ̀pá mọ́ irin tó ń lọ sínú gíábọ́ọ̀sì, ó yí ìdè oníke tó di ọ̀pá mú, ó sì gbé ọ̀pá àtijọ́ jáde.

Ó wá tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó sì to ọ̀pá méjèèjì sórí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀pá gíà ni kókó róbótó kan wà, tí ó jókòó sínú ife oníke, tí ọ̀pá náà sì ń tibẹ̀ yí síwá sẹ́yìn. Kókó mọ́ kókó ni ọ̀gá wa tò wọ́n. Láti kókó lọ sókè, ọgba ni wọ́n. Láti kókó lọ sísàlẹ̀, ọ̀pá tuntun fi bí oríkèé àtàǹpàkò kan gùn ju ti àtijọ́ lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, èyí tí wọ́n ní ó kúrú ni ó gùn jù yìí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi gíríìsì pa kókó náà, ó ní, "Bàbá, ìrìn ẹ̀ ló máa dín, kì í ṣe òun fúnra ẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ni mo ti ń rò láti ìgbà tí ìbéèrè yìí ti dé. Ẹ jẹ́ kí n fi iye tó rọrùn ṣírò ohun tí ó túmọ̀ sí. Ká ní ọ̀pá kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 láti kókó dé orí, tí ó sì gùn ní 6 láti kókó dé ìdí. Bí gíábọ́ọ̀sì bá ń béèrè pé kí ìdí sún ní sẹ̀ǹtímítà 3 kí gíà tó lè ti ìkíní bọ́ sí ìkejì, orí yóò rìn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Bí a bá wá sọ ìdí náà di 8, tí a kò sì fọwọ́ kan orí rárá, gíábọ́ọ̀sì ṣì ń béèrè 3 tirẹ̀, ṣùgbọ́n orí kò ní rìn ju 9 lọ. Ọ̀pá gùn sí i, ìrìn sì fi ìdámẹ́rin dín. Ẹni tó bá ti fi dígà ṣí òkúta rí yóò mọ̀ pé èyí kò lè jẹ́ ọ̀fẹ́: agbára tí ọwọ́ yóò fi fà á yóò fi ìdámẹ́ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí gíà náà fi máa ń le díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ́ lára.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà kejì wà. Wẹ́dà lè gé orí ọ̀pá láti 24 sí 18, kí ó fi ìdí sílẹ̀ ní 6, ìrìn yóò sì di 9 bákan náà. Níbi yìí ni ẹ̀yin tí ẹ fara mọ́ "ọ̀pá gíà kúkúrú" ti jàre, n kò sì ní fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pá kẹta kan, tí ó gùn ní 12 lókè kókó àti 3 nísàlẹ̀. Ìdajì ọ̀pá àkọ́kọ́ ni, kò sí ẹni tí kò ní pè é ní kúkúrú, síbẹ̀ orí rẹ̀ yóò rin sẹ̀ǹtímítà 12 géérégé bíi ti àkọ́kọ́. A ti rí ọ̀pá gígùn tí ìrìn rẹ̀ kúrú, a sì rí ọ̀pá kúkúrú tí ìrìn rẹ̀ gùn. Orúkọ tí kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yóò mú kí ọmọ iṣẹ́ kan gbé sọ́ọ̀ ní ọjọ́ kan, kí ó sì gé ọ̀pá tí kò yẹ ní gígé.

Mo padà sí "gíà àbùjá". Àbúrò wa ṣàlàyé pé bí ọ̀nà àbùjá ṣe ń dín ìrìn ẹsẹ̀ kù ni ọ̀pá yìí ṣe ń dín ìrìn ọwọ́ kù, àlàyé náà sì mọ́gbọ́n dání. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn ni pé ẹni tó gba àbùjá kò gba ojú ọ̀nà tí àwọn yòókù gbà. Ó fi àwọn ibì kan sílẹ̀ láì kàn án. Ọ̀pá yìí kò fi ibì kankan sílẹ̀. Ipa ọ̀nà gíà ṣì rí bíi lẹ́tà H, ọ̀pá ṣì ń gba ojú fìrí, ibi tí gíà kankan kò ti wọlé, tó wà láàárín kọjá, ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan kàn sún mọ́ra ni. Ohun tí "gíà àbùjá" yóò dá lọ́kàn awakọ̀ ni kí ènìyàn fò láti gíà ìkejì bọ́ sí ìkẹrin láì fọwọ́ kan ìkẹta, nǹkan gidi sì ni ìyẹn, àwọn awakọ̀ ń ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ó nílò orúkọ yẹn lọ́jọ́ kan. Mo bẹ àbúrò wa kí wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀ dè é. Yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù láì fi àmì sí i, àwọn oníbàárà yóò rò pé Àbújá ni wọ́n ti kó ọjà náà wá.

"Amúgíàyára" ń ṣèlérí ohun tí ọ̀pá kò lè mú ṣẹ. Nínú gíábọ́ọ̀sì, àwọn òrùka kan wà, idẹ ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti fara ra gíà títí eré rẹ̀ yóò fi bá eré irin tó gbé e nínú gíábọ́ọ̀sì mu, kí eyín tó wọ eyín. Iṣẹ́ yẹn ní àsìkò tirẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ọ̀pá tí ìrìn rẹ̀ kúrú kò sì bu kúrò nínú àsìkò náà. Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú, tí àwọn baba wa fi idẹ dárà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa pé idẹ rọ̀ ju irin lọ, pé òun ni yóò sì jẹ bí a bá ń fipá mú gíà. Nígbà tí a wa ọkọ̀ yẹn lọ sí Òru láti dán an wò, ọmọ wa rí i pé ibi tí ọwọ́ òun ń dé ti sún mọ́ tòsí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já gíà bí ẹni já ewé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fà á padà láti ìkẹta sí ìkejì kí eré ọkọ̀ tó rọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni gíà sì ké ràràrà lábẹ́ wa. Ọ̀gá mẹkáníìkì, tí ó jókòó sẹ́yìn, kò gbé ohùn sókè: "Má fipá mú un. Tì í dé ẹnu ọ̀nà, kó o jẹ́ kó wọlé fúnra ẹ̀." Kí a tó padà dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ wa ti mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tí mo mú wá, ẹnu ọ̀gá yẹn ni mo ti gbọ́ méjì nínú mẹ́ta rẹ̀: ó ní ìrìn, ó ní dín. Mo so wọ́n pọ̀ bí a ṣe so amúnáwá àti amúlétutù, ó di "adínrìn", mo sì fi gíà tì í lẹ́yìn: adínrìn gíà. Ẹnì kan lè sọ pé "dín" nìkan kò tó, pé "adínrìnkù" ló pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń nájà ní Òkè-Ajé kì í sọ ju "ẹ dín in fún mi" lọ, kò sì sí ìyá ọjà tí kò mọ ohun tí ó ń béèrè. Ní ti gíà fúnra rẹ̀, n kò rí ìdí tí a ó fi máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn dípò rẹ̀; ó ti pẹ́ lẹ́nu wa ju kí a máa pè é ní àlejò lọ.

Àríwísí kan wà tí mo mọ̀ pé yóò jáde, nítorí náà kí n tètè gbé e síta fúnra mi. Láìsí àmì, "adinrin" lè di ẹni tí ń dín irin, bí ìgbà tí ènìyàn ń dín dòdò. Mo ti rẹ́rìn-ín sí i tán. Bí a bá fi àmì sí i, irin yóò fún wa ní adínrin, ìrìn yóò sì fún wa ní adínrìn, etí ọmọ Yorùbá kò sì ní ṣi méjèèjì gbọ́. Ewu náà pọ̀ ju báyìí lọ nínú "ọ̀pá onírìn-kúkúrú", tí mo kọ́kọ́ rò kí n tó sọ ọ́ nù, nítorí pé ọ̀pá gíà jẹ́ irin lóòótọ́: ẹni tó bá kà á láì sí àmì yóò rí ọ̀pá onírin tó kúrú, ọ̀rọ̀ náà yóò nítumọ̀ pátápátá, ìtumọ̀ náà yóò sì jẹ́ òdì. Ti dídín irin, ó kéré tán, kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́.

Mo tún fẹ́ kí a ṣọ́ra fún ohun kan tí ó ti ń wọ inú ìjíròrò yìí. Ẹnì kan kọ̀wé pé irú ọ̀pá yìí ni ìbá wo gíà ọkọ̀ akérò Volkswagen àtijọ́ sàn, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ máa ń mì lọ́wọ́ awakọ̀ bí igi ọgẹ̀dẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ẹnjìnnì ọkọ̀ yẹn wà lẹ́yìn, irin gígùn kan sì ni ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá láti ìdí ọ̀pá gíà lọ bá gíábọ́ọ̀sì. Bí búṣì tó gbá irin náà mú bá ti jẹ, ọ̀pá yóò máa jó. Jíjó yàtọ̀ sí ìrìn. Ìrìn ni ibi tí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé kí gíà tó wọlé. Jíjó ni bí ó ṣe ń yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láì jẹ́ pé gíà kankan gbọ́ nípa rẹ̀. Búṣì tuntun ló ń wo jíjó sàn. Bí a bá fi adínrìn sórí búṣì tó ti jẹ, ọ̀pá yóò máa jó náà ni, awakọ̀ yóò sì tún fi agbára kún un.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìlíṣàn tún béèrè bóyá orúkọ kan náà lè bá àwọn ọkọ̀ tí wáyà ń fa gíà wọn mu, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà. Nínú irú wọn, wọ́n lè má fọwọ́ kan ọ̀pá rárá. Apá kékeré tó wà lórí gíábọ́ọ̀sì, níbi tí wáyà so mọ́, ni wọ́n máa ń pààrọ̀ nígbà mìíràn. "Ọ̀pá gíà kúkúrú" kò ní ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀pá níbẹ̀. Adínrìn gíà bá a mu láì yí ohunkóhun padà.

Ohun tó kù tí n kò rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni ibi tí ọ̀pá ti ń yí. Kókó ni mo ń pè é láti òkè wá, nítorí pé róbótó ni ti ọkọ̀ tí mo rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ ohun tí àwọn mẹkáníìkì Ṣágámù tàbí ti Ìpẹru ń pè é, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.