Ṣé mo ń ba ìkòkò ìyá mi jẹ́ ni?

Ayàwòrán Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìyá mi ló ń mọ ìkòkò, èmi ni mo ń kùn ún. Tó bá ti jinná tó sì tutù, mo máa ń fi ọ̀dà akírílíìkì ya ọkọ̀, àwọ̀n àti ẹja sáàárín ilà tí wọ́n ti fín sí i lára. Àwọn àgbà ládùúgbò ní mo ń ba nǹkan àtijọ́ jẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn Pueblo, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní New Mexico, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ń ṣe irú rẹ̀. Ta ló mọ̀ nípa wọn?

Ọmọ Àgbádárìgì:
Àwọn àgbà ló wí i re. Èmi ò ní pọn omi mímu sínú ìkòkò ọlọ́dà.

Amọ̀kòkò Ìkòròdú:
Àbúrò, má dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ àwọn Pueblo wù mí gan-an. Wọ́n á ká amọ̀ gbọọrọ lé ara wọn, wọ́n á fi òkúta dán an títí á fi máa kọ mànà. Ìkòkò dúdú San Ildefonso, ìlú Pueblo kan, tí gbogbo ayé ń pè ní iṣẹ́ àtijọ́ yẹn, nǹkan bí ọdún 1919 ni Maria Martinez àti Julian ọkọ rẹ̀ rí ọgbọ́n à ń ya dúdú tí kò dán sára dúdú tó ń dán. Ìgbẹ́ ẹṣin gbígbẹ ni wọ́n ń dà bo iná, kí èéfín há mọ́ ìkòkò. Maria ń mọ, Julian ń kùn, àní bí ìwọ àti ìyá rẹ gẹ́lẹ́!

Lóde òní, Les Namingha, amọ̀kòkò Pueblo kan, ń fi akírílíìkì tú ilà àwọn baba ńlá rẹ̀ palẹ̀ lára amọ̀, ó ń tún un tò bí ayàwòrán. Diego Romero ará Cochiti, ìlú Pueblo mìíràn, ń ya ènìyàn bíi ti ìwé ìtàn aláwòrán (comics) sínú àwo.

Ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ará Àgbádárìgì. Akírílíìkì kò gba iná, kò sì yẹ fún omi mímu. Sọ fún oníbàárà pé ti ọ̀ṣọ́ ni. Èyí tí wọn yóò lò, amọ̀ pupa tàbí funfun tó kúnná ni kó o fi kùn ún kó tó wọ iná.

Orúkọ ta ló wà nídìí ìkòkò yín?

Ayàwòrán Ẹ̀pẹ́:
Tèmi nìkan, ẹ̀gbọ́n mi.

Amọ̀kòkò Ìkòròdú:
Kò dáa bẹ́ẹ̀. "Marie + Julian" ni tọkọtaya yẹn ń kọ sí tiwọn. Kí ìyá rẹ fín orúkọ tiwọn sí i nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, kí tìẹ wá tẹ̀ lé e.